Èṣù Kọ́, Àfòmọ́ Ni

Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Ìgandò, ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò kò jẹ́ kí èrò pọ̀, a jókòó a dá ẹjọ́ ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 14 kan. Ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ àti ti gọ́tà ni a kọ sínú ìwé ètò ìpàdé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a túká, bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀ dìde, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ó ní ọmọ òun ń bá ẹ̀mí èṣù ṣeré nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní ọmọ náà ti lálàá, ó sì rọ́ àlá náà níbi àdúrà òwúrọ̀. Àwọn ti mú un lọ sí ilé ìjọsìn, wọ́n sì ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un. Ohun tí ó kù ni kí ẹgbẹ́ onílé pàṣẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ojú títì, kí ó yé kó irú eré bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ wa.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Alága ní kí ó sọ ohun tí ó wà nínú eré náà fún àwọn àgbà. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, alága ní kí ó sọ Yorùbá, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà níjòókòó ni ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ìwòyí. Ọmọ náà dákẹ́. Mo ń wo bí ó ti ń wá ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀ bí ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ lójú òkùnkùn. Ó wá ní: "Ẹ̀mí èṣù ni, sà. Ó máa ń wọ inú sójà. Sójà yẹn á kú, ṣùgbọ́n á ṣì máa rìn. Tí wọ́n bá wá yìnbọn pa á, ẹ̀mí èṣù míì á jáde nínú ẹ̀."

Ẹjọ́ parí níbẹ̀. Ìyá kan ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Alhaji tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀, n kò rí ẹni gbọ́. Alága, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Dọ́kítà, a mọ̀ pé ìwé yín pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kọ́ ni wọ́n fi kọ́ yín ní yunifásítì." Nígbà tí wọ́n ní kí a nawọ́, àwa mẹ́ta péré ni a wà ní apá kan. Ohun tí n kò ráyè sọ tán lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ bínú, kí ó kà á tán ná.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ó yé òǹkàwé ni pé ọmọ náà kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó sọ kì í ṣe òótọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá fún gbogbo ohun tí kì í ṣe ènìyàn, tí kì í ṣe ẹranko, tí ó sì ń bani lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ náà ni ó lò. Ẹni tí kò ní ju ìkòkò kan lọ, inú rẹ̀ náà ni yóò ti se ọbẹ̀, inú rẹ̀ náà ni yóò ti se àgbo. Àwa tí a dá a lẹ́jọ́ ni a fún un ní ìkòkò kan ṣoṣo náà, a sì wá ń bínú pé ọbẹ̀ rẹ̀ ń rùn bí àgbo.

Èmi ti rí eré náà fúnra mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìpàdé yẹn, mo lọ bẹ bàbá ọmọ náà, mo ní kí ó jẹ́ kí n wo ohun tí a tìtorí rẹ̀ gba ààwẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọmọ náà ní, agbára rẹ̀ kò gbé eré tuntun, ìdí nìyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin ojú títì fi bá a kó eré àtijọ́ sí i. Eré náà dàgbà ju ọmọ tí ń ta á lọ fíìfíì. Ọdún 1994 ni ó jáde. Julian Gollop àti Nick Gollop, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ṣe é, ilé iṣẹ́ MicroProse ni ó sì tà á fún aráyé. UFO: Enemy Unknown ni wọ́n pè é ní Yúróòpù, X-COM ni àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí.

Eré ọgbọ́n ogun ni, ó sì jọ ayò ọlọ́pọ́n ju bí ó ti jọ ìjà ìgboro lọ: ìwọ ta tìrẹ, kí èmi náà ta tèmi. Ẹni tí ń ta á ni balógun. Òun ni yóò kó àwọn ọmọ ogun jọ, tí yóò ra ìbọn fún wọn, tí yóò wọ ẹ̀wù irin sí wọn lọ́rùn, tí yóò sì rán wọn lọ pàdé àwọn ẹ̀dá tí ó ti òfuurufú wá gba ayé. Nínú gbogbo àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, èyí tí ọmọ náà lálàá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Chryssalid. Chryssalid kò ní ìbọn. Àwọn abara-bí-ejò kan ni ó ń kó o lẹ́yìn bí ọdẹ ti í kó ajá. Èékánná rẹ̀ dà bí ti akàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá kọjá ìṣirò. Ó lè ti ẹ̀yìn ògiri kan dé ọ̀dọ̀ rẹ nígbà tí o bá rò pé ọ̀nà ṣì jìn. Bí ó bá ti bá ọmọ ogun, ẹ̀wù irin tí a fi owó iyebíye rà kì í sábà gbà á sílẹ̀, ó ti yé ẹyin sí i lára nìyẹn. Ọmọ ogun náà yóò di òkú tí ń rìn, yóò sì kọjú sí àwọn tí wọ́n jọ jáde lọ sójú ogun. Bí àwọn wọ̀nyí bá fi omijé lójú yìnbọn pa á, èèpo lásán ni wọ́n pa: Chryssalid tuntun yóò là á jáde, yóò máa wá ẹlòmíràn. Àwọn ará ìlú tí kò ní ìbọn tí kò sì ní ẹ̀wù irin ni ó ń fi ṣe oúnjẹ jù, nítorí pé bí ó bá mú ẹni mẹ́ta nínú wọn, mẹ́rin ni yóò dà kí o tó ṣẹ́jú.

Ọmọ náà kọ́ mi ní ohun tí ó ń ṣe sí i. Ó ní ẹ̀wù kan wà tí ó ń fò, bí ọmọ ogun bá wọ̀ ọ́ tí ó sì dúró lókè òrùlé, ọwọ́ Chryssalid kò lè tó o, nítorí kò ní ìyẹ́. Ó ní ènìyàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun dúró ní ẹnu ọ̀nà tóóró. Ó ní kí n má ṣe yára, kí n máa fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn kan tí kò tíì yìn, nítorí ohun tí n kò tíì rí. Ọmọ tí kò lè to gbólóhùn mẹ́rin pọ̀ níwájú àwọn onílé ni ó ń ṣe gbogbo àlàyé yìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ awo. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ogun mẹ́rin ni ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù bà mí díẹ̀, àti pé ó dùn mọ́ mi.

Ta ni ó wá sọ fún wa pé irú ẹ̀dá yìí ṣàjèjì sí Yorùbá? N kò tíì rí àgbẹ̀ kòkó tàbí àgbẹ̀ obì kan tí kò mọ àfòmọ́. Ẹyẹ ni í jẹ èso rẹ̀, òun náà ni í gbé e lé ẹ̀ka igi ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni yóò ti hù, tí yóò ki ara rẹ̀ bọ inú igi náà, tí yóò máa fi omi igi náà tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí igi fúnra rẹ̀ ń gbẹ lọ. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni í bá tan. Àwọn baba wa kò gba ààwẹ̀ sí i. Wọ́n pọ́n àdá, wọ́n gun igi, wọ́n sì gé e kúrò kí ó tó so.

Sòbìà ńkọ́? Inú omi ni í gbà wọ inú ènìyàn, nínú kòkòrò tí ojú kò lè rí. Yóò gbé inú ara fún bí ọdún kan, yóò gùn, yóò wá ibi ẹsẹ̀ tí yóò ti dá egbò, yóò sì gba ibẹ̀ yọrí jáde. Àwa tí a kọjá ọmọ àádọ́ta ọdún mọ ẹni tí ó ṣe, bí kò tilẹ̀ ṣe àwa náà. Nígbà tí wọ́n kà á ní ilẹ̀ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, ẹni tí ó ní in ju 650,000 lọ. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa pátápátá. Oògùn kọ́ ni ó lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀: aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu ni, àti kànga, àti àwọn tí ń rìn láti abúlé dé abúlé ní èdè tí àwọn ará abúlé gbọ́. Kí sòbìà tó degbò ni à ń ké sí olúgànbe. Ẹ̀dá tí ń gbé inú ènìyàn tí ó sì ń là á jáde kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti inú ìràwọ̀ mú un wá fún wa.

Kí n wá tó mẹ́nu ba àbíkú. Àwọn ìyá wa kì í jẹ́ kí aboyún máa rìn ní ọ̀sán gangan tàbí ní òru, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀dá kan wà tí ó lè lé ọmọ inú rẹ̀ kúrò kí ó sì gba ipò rẹ̀. Bí ìrìn náà bá pọn dandan, yóò so òkúta mọ́ etí aṣọ tàbí kí ó fi abẹ́rẹ́ há a. Ẹ̀wù irin tirẹ̀ nìyẹn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ìgbàgbọ́ náà. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ ohun tí Chryssalid jẹ́ kí ó tó rí i, ó sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ròyìn rẹ̀ tí ojú kò fi ní tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wù ogun. Ọdẹ tí ó wọ gbérí, tí ó gbé ayẹta kọ́rùn, tí ó ní òkígbẹ́ lára, kí ni a pè é bí kò ṣe ọmọ ogun inú ìhámọ́ra? Ọdún 1938 ni Fágúnwà ti rán Àkàrà-ògùn wọ inú igbó lọ bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wọ̀yá ìjà, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń kà á lábẹ́ àtùpà láìsí ẹni tí ó gba ààwẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1954, Tutùọlá gbé obìnrin iwin kan kalẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Irú àwa bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wá ń dẹ́rù bà.

Nígbà tí a wà ní kékeré, orúkọ kì í wọ́n wa. Iwin yàtọ̀ sí ẹbọra. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí àǹjọ̀nú. Egbére ni èyí tí ń sunkún kiri pẹ̀lú ẹní rẹ̀, a sì mọ ohun tí ẹni tí ó bá rí ẹní náà gbà yóò dà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwà, ní ibùgbé, ní ohun tí a lè bá a ṣe àti ohun tí a kò lè bá a ṣe. Lónìí, a ti kó gbogbo wọn pọ̀ sínú àpò kan, a kọ "ẹ̀mí èṣù" sí i lára. Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti fi orúkọ Èṣù fún Sátánì ni a ti ń san gbèsè rẹ̀. Èṣù tí àwọn àgbà mọ̀, oníbodè ni, ará oríta ni, òun ni í gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Oníjàngbọ̀n ni nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ẹni lọ yé ẹyin. N kò ní kí Kristẹni kankan lọ máa bọ Èṣù. Èmi fúnra mi jẹ́ ọmọ ìjọ, mo sì ń san ìdámẹ́wàá mi. Mo kàn ń wí pé a ti fi orúkọ kan ṣoṣo pa àádọ́ta orúkọ, àti pé ọmọ tí ó bá dàgbà sínú irú èdè bẹ́ẹ̀ kò ní lè sọ àlá rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ara rẹ̀ sùn.

Ohun tí ó dùn mí jù kò tíì dé. Nígbà tí ọmọ náà ṣí eré náà, ayé ni ó kọ́kọ́ hàn, róbótó, ó ń yí. Ó tọ́ka sí orúkọ kan ní etí òkun Áfíríkà. Mo súnmọ́ ọn, mo wọ gíláàsì mi: Lagos. Èkó wa! Èkó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí àwọn ẹ̀dá náà lè já lù nínú eré yẹn, bí wọ́n ti lè já lu Lọ́ńdọ̀nù tàbí Tokyo. Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè 16 tí ń san owó oṣooṣù fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà. Orí mi kọ́kọ́ wú. Ní ọdún 1994, nígbà tí ojú aráyé kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun rere kan nílẹ̀ wa, ẹnìkan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rántí pé bí ayé bá fẹ́ pa run, Èkó náà wà lára ayé.

Nígbà tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun balẹ̀ sí Èkó náà ni ojú mi tó là. Ilé oníbíríkì ni mo rí, ọgbà tí a gbin òdòdó sí, koríko tí a gé dọ́gba. Kò sí dánfó, kò sí mọ́ṣáláṣí, kò sí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà sọ fún mi pé bákan náà ni gbogbo ìlú inú eré náà rí, ọkùnrin kan náà àti obìnrin kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣe ará ìlú níbi gbogbo. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwa tí a wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan ju 1,200,000 lọ. Nínú Èkó tiwọn, a kò sí níbẹ̀. Mo wá wo orúkọ àwọn ọmọ ogun. Mo rí ti Amẹ́ríkà, mo rí ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé, ti Jámánì, ti Rọ́ṣíà àti ti Japan. N kò rí Adéwálé, n kò rí Chukwu, n kò rí Músá. Owó wa dé ibẹ̀, òkú wa dé ibẹ̀, ọwọ́ wa kò dé ibẹ̀.

Wọ́n tún eré náà ṣe ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Firaxis ti Amẹ́ríkà ni ó ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi hàn mí lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn 16 tí ń sanwó, Chryssalid ṣì ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n ọmọ ogun Nàìjíríà ti wà níbẹ̀ báyìí, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun wà lára rẹ̀. Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ọmọ ogun náà wá la ẹnu, imú ni ó fi ń sọ̀rọ̀, bí ọmọ Amẹ́ríkà gẹ́lẹ́! Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní gbogbo wọn ni wọ́n ń fọhùn bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó. Aṣọ tiwa, àsíá tiwa, ojú tiwa, ohùn ẹlòmíràn sì ń ti inú rẹ̀ jáde. Bí àwọn onílé ẹlẹgbẹ́ mi bá ń wá ẹni tí ohun àjèjì ti wọ̀ lára, òun nìyẹn. Kò sì sí ẹni tí ó gba ààwẹ̀ fún un.

Àwọn kan yóò ní kí n fi ara balẹ̀, eré lásán ni. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n jìnnà sí òtítọ́ jù, nítorí kò sí eré lásán. Ayò tí baba wa ń ta lábẹ́ igi odán ni ó kọ́ wọn ní ìṣirò, àlọ́ ìjàpá ni ó kọ́ wa ní òfin kí a tó mọ ilé ẹjọ́. Wákàtí mélòó ni ọmọ náà ń lò nídìí ohun yìí lóòjọ́? Ó pọ̀ jù, mo gbà. Bàbá rẹ̀ ń fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò, ọmọ kò sì sùn tó. Bí ẹ̀sùn tí wọ́n mú wá sípàdé bá jẹ́ èyí, mo ti nawọ́ pẹ̀lú wọn.

Ṣùgbọ́n àwa ọ̀mọ̀wé èdè Yorùbá ni ẹ̀bi rẹ̀ kàn jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí. Ní ọdún 1984 ni ìwé kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìwé kejì ní ọdún 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni, òun ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń jẹun. Nípa rẹ̀ ni a fi lè sọ̀rọ̀ nípa gírámà àti nípa lítíréṣọ̀ Yorùbá ní èdè Yorùbá. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Kí ni àwa tí a jogún iṣẹ́ wọn fi kún un? A mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara gbólóhùn. Ẹ ní kí a dárúkọ ohun tí ọmọ wa ń wò láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹnu wa yóò wọ́. A ń ṣe àpérò lórí ikú èdè ní gbọ̀ngàn tí a fi ẹ̀rọ mú tutù, a ń jẹ ìrẹsì, a ń ka bébà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 pé kí gbogbo ilé ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá, a pàtẹ́wọ́. Ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní Yorùbá nínú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀, ó sì gba máàkì tí ó dára. Ó lè ka oríṣiríṣi ọ̀rọ̀-orúkọ fún ọ láìṣìṣe. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní àfòmọ́.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tí ó kàwé jù mí lọ, pé kí ni ó dé tí kò sí ẹni tí ó ń gbé ọdẹ Fágúnwà sínú irú eré yìí ní èdè Yorùbá, kí ọmọ Ìkọ̀tún lè jẹ́ balógun tí ó wọ gbérí. Ó ní iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin ojú títì, mo bi òun náà. Ó ní òun mọ àwọn ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá tí wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n, ó ní, "Ta ni yóò bá wa kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, bàbá? Yorùbá tiwa kò jinlẹ̀." Mo wo ojú rẹ̀, ojú tì mí. Ẹni tí Yorùbá tirẹ̀ jinlẹ̀ ti nawọ́ sí apá àwọn tí ó kéré, ó sì ti lọ sílé lọ jẹ iyán.

Àṣẹ ẹgbẹ́ onílé ṣì múlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í kó eré kankan sínú kọ̀ǹpútà mọ́, fóònù nìkan ni ó ń tún ṣe. Bàbá ọmọ náà ti pa eré náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà kí ọmọ máa wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. A ń ka Ògbójú Ọdẹ pọ̀, ojú ewé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó bi mí bóyá Àgbákò lè ṣẹ́gun Chryssalid, mo ní èmi rò pé yóò ṣẹ́gun rẹ̀, ó ní rárá, ó ní ojú mẹ́rìndínlógún kò níí ṣe pẹ̀lú kí ènìyàn yára. A jọ jiyàn rẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi wá pè é. Kí ó tó lọ, mo ní kí a fún ẹ̀dá náà ní orúkọ Yorùbá, kí ó lè ròyìn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nígbà mìíràn. Mo dábàá Ayéyin-síni-lára-láàyè. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó ní ó ti gùn jù, Chryssalid yóò ti dé kí ènìyàn tó pè é tán. Ó ní: "Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àfòmọ́ lásán, sà."